Láti Àgbẹ̀dẹ Dé Ara Ògiri: Ìtàn Àlòkù Irin ní Òṣogbo

Kì í pẹ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Òkè-Baálẹ̀, ní apá ibi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Òṣogbo, tí ẹni tó ń ti ọmọlanke yóò fi kọjá, tí yóò máa ké pé òun ń ra kóńdẹ́mù. Ohun tí wọ́n ń gbé jáde fún un pọ̀: fáànù tó jó, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu, páànù òrùlé tí ìpẹtà ti jẹ, rédíétọ̀ ọkọ̀, irin bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́. Yóò gbé e kọ́ ìwọ̀n, yóò sanwó, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ẹrù náà, inú iná ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ló ń lọ, irú èyí tó wà ní Ìkirun, tí kò jìnnà sí Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí díẹ̀ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti máa ń yà lọ́nà. Ó ń yà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, sọ́dọ̀ onídẹ, sọ́dọ̀ onípáànù, ibẹ̀ ló sì ti ń di àtùpà, ẹ̀gbà ọwọ́, yẹtí, ère, àti àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ẹ̀yìn ọdún 1960 ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ òyìnbó ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ Ulli Beier, Susanne Wenger àti Georgina Beier sẹ́yìn nínú ìtàn náà. Iṣẹ́ wọn hàn sójú táyé. Àmọ́ ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ti fo ibi tó gùn jù nínú ìtàn. Kí ẹnikẹ́ni tó mú kámẹ́rà tàbí ọ̀dà wọ ìlú ni àgbẹ̀dẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí ayé ti lò tán di ohun tí ojú ń fẹ́ wò.

Ẹ̀rí tó pẹ́ jù ní agbègbè yìí kì í ṣe irin rárá. Àpáàdì ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá, ojú ọ̀nà àti iwájú ojúbọ. Wọn kì í kàn da àpáàdì sílẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń to wọ́n ní òòró, etí wọn lókè, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Níbòmíràn wọn a tò wọ́n ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ìlà kan kọjú sí ọ̀tún, kí èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sí òsì, wọn a sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ dárà sí i láàárín. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Nígbà tí Peter Garlake wa ilẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalára ní 1971 sí 1972, irú ilẹ̀ títẹ́ bẹ́ẹ̀ ló bá níbẹ̀, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ títí dé ilẹ̀ Benin àti Togo. Ìkòkò tó fọ́ mọ́ ìyá kan lọ́wọ́ ní ìdí ààrò ló di ohun tí ọba àti òrìṣà ń dúró lé.

Irin ni ọ̀rọ̀ náà wá dé lẹ́yìn náà, ọ̀nà tó sì gbà dé ibẹ̀ yẹ fún àlàyé. Ní ọdún 1904, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Èkó tó ń jẹ́ C. V. Bellamy gbé àpilẹ̀kọ jáde ní Ìlú Ọba nípa ilé ìyọ́rin kan tó fojú ara rẹ̀ rí ní Ìsúndúnrin. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni abúlé náà wà lónìí. Iṣẹ́ irin ni wọ́n ń ṣe jẹun níbẹ̀. Wọ́n ń wa òkúta irin láti inú ilẹ̀, wọ́n ń gún un, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń kó o pẹ̀lú èédú sínú ìléru amọ̀ tó ń jó tọ̀sán tòru, títí irin yóò fi yọ jáde lára òkúta náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú tó yí wọn ká ló ń ra irin náà lọ́wọ́ wọn.

Àsìkò tí Bellamy rí wọn, iṣẹ́ náà ti ń lọ sí òpin. Irin òyìnbó ti ń wọlé láti èbúté Èkó, kò gba èédú, kò gba òògùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ojú irin rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1907 ó dé Òṣogbo. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń gbé kòkó àti ẹ̀kùrọ́ lọ sí Èkó ló ń gbé páànù, ìṣó, wáyà, garawa àti ọ̀pá irin bọ̀. Ìléru Ìsúndúnrin àti ti irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ kú. Àgbẹ̀dẹ ní tirẹ̀ kò kú. Ohun tó yí padà ni ibi tí alágbẹ̀dẹ ti ń rí irin: kò ti inú ilẹ̀ wá mọ́, inú ohun tí ẹlòmíràn ti lò tán ló ti ń wá.

Ìyẹn ni pé ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí alágbẹ̀dẹ Yorùbá ti ń fi kóńdẹ́mù jẹun. Nígbà tí mọ́tò wá pọ̀ lójú títì, sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ẹrù di ohun tí wọ́n ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Irin líle ni, ó ṣeé lù di àdá tí ẹnu rẹ̀ kì í tètè kú. Alágbẹ̀dẹ á gé e sí wẹ́wẹ́, á tì í bọ iná, ọmọ iṣẹ́ á máa fẹ́ ẹwìrì, irin á pọ́n, á fi ẹmú gbé e sórí owú, òòlù á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí àgbẹ̀ tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí pé ọkọ̀ wo ni àdá òun ti wá.

Ìdí mìíràn tún wà tí alágbẹ̀dẹ kì í fi ojú ìdọ̀tí wo irin tó ti gbó. Ojúbọ Ògún ní ọ̀pọ̀ agboolé, òkìtì irin ni: ọkọ́ tó ti jẹ́ dé ìdí, àdá tó ṣẹ́, ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́, irin ara mọ́tò. Irin kì í dẹ́kun jíjẹ́ ti Ògún nítorí pé ó ti dápá tàbí ó ti dógùn-ún. Ní Iléṣà, Ọwá Obòkun fúnra rẹ̀ ló máa ń jáde fún Ìwúdé Ògún, tí gbogbo Ìjẹ̀ṣà nílé lóko yóò pé jọ, títí kan awakọ̀, wẹ́dà àti mẹkáníìkì tí irin ń bọ́. Ní kóòtù Nàìjíríà pàápàá, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra. Ẹni tó dàgbà sínú irú èrò yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ ọ pé ohun àlòkù níyì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbẹ̀dẹ ni onípáànù jókòó sí. Ìtàn tirẹ̀ kì í gba àyè nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ilé gbogbo ènìyàn. Agolo ni oko rẹ̀: agolo mílíìkì, agolo bísíkíìtì, garawa epo. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gààrí àti ìrẹsì lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Àtùpà alágolo ni iṣẹ́ rẹ̀ tó rẹwà jù. Á gé ojú agolo kékeré kan, á ká etí rẹ̀ mọ́ ara wọn, á fi òjé jó ojú oríkèé náà kí karosíìnì má baà máa jò. Á wá ká páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan di ọ̀pá kúkurú fún ọrùn rẹ̀, ibẹ̀ ni òwú tàbí àkísà tí wọ́n lọ́ yóò gbà yọrí. Tó bá jẹ́ onípáànù tó mọ ojú iṣẹ́, á fi etí sí i bíi ti ife, á sì ṣe ìdúró sí ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn àwọ̀ àti àwòrán tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára agolo náà kì í parẹ́, ó máa ń hàn yìnyìn nígbà tí iná bá tàn. Irú àtùpà bẹ́ẹ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú àwọn tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lálẹ́ ní gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá kí tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì tó gbàjọba lọ́wọ́ wọn. Lónìí, ẹni tó bá rí ọ̀kan tó ṣì pé, orí tábìlì ló ń gbé e sí fún ẹwà.

Inú irú àgbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ ni Asiru Ọlátúndé ti jáde. Wọ́n bí i ní Òṣogbo ní 1918, sínú ìdílé alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ ìdílé náà ló sì ń ṣe títí àìsàn fi dá a dúró. Òòlù ńlá àti ooru iná ẹwìrì kò bá ara rẹ̀ mu mọ́. Alágbẹ̀dẹ tí kò lè lu irin mọ́ ní láti wá ohun tó fúyẹ́ ju irin lọ lù, bàbà ni ọwọ́ rẹ̀ sì bà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lu bàbà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ di yẹtí àti ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké, ó ń ya ẹranko sí wọn lára. Ohun tí obìnrin lè rà fún ara rẹ̀ lọ́jà ni, tàbí tí ọkùnrin lè rà lọ fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà.

Beier àti Wenger, tí wọ́n ti ti Ẹdẹ àti Ìlobùú dé Òṣogbo nígbà náà, rí iṣẹ́ náà, wọ́n rà á, wọ́n sì rọ̀ ọ́ pé kó mú ojú àwo tó fẹ̀ ju ti yẹtí lọ. Ibi tí ọwọ́ òyìnbó dé nìyẹn. Asiru kò sí lára àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí Denis Williams ṣe ní Òṣogbo ní 1962 àti 1963, tàbí èyí tí Georgina Beier ṣe ní 1964. Ó ti ju ẹni ogójì ọdún lọ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ ohun tó ń ṣe. Èyí ló mú kí ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ọnà Òṣogbo ti ṣẹ̀ wá ní tòótọ́: oníbàárà ni wọ́n mú wá fún un, àgbẹ̀dẹ baba rẹ̀ ló fún un ní iṣẹ́.

Ẹ wo bí àwo rẹ̀ kan ṣe ń di odindi. Wọ́n máa ń tẹ́ bàbà tàbí alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ sórí ohun tó lè gba òòlù láìjẹ́ kí ó ya. Wọ́n á fa ìlà àwòrán sí i. Wọ́n á wá máa lù ú láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, kí ara ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹṣin lè wú síwájú. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á máa tẹ àyíká àwòrán náà wọlé láti iwájú, kí ó lè yọ kedere. Iṣẹ́ tó gba sùúrù jù ló kù: ìṣó tàbí irin ẹlẹ́nu kékeré ni wọn yóò máa fi òòlù kàn lé ojú àwo náà, tótò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tótò, títí gbogbo àlàfo tó kù yóò fi kún fún àmì. Ọpẹ́lọpẹ́ tótò wọ̀nyí ni ìmọ́lẹ̀ fi ń fọ́ yángá lára àwo náà, tí ojú kì í fi í sú láti wò ó. Ẹni tó bá ti rí bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi òòlù kékeré parí etí ọ̀bẹ yóò mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ti wá.

Igi ńlá tí ẹyẹ àti ẹranko kún orí ẹ̀ka rẹ̀ ni Asiru fẹ́ràn jù. Ọdún Ọ̀ṣun náà wà níbẹ̀, ọba pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, onílù, ọlọ́dẹ. Ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ mùsùlùmí yìí tún lu Ádámù àti Éfà sórí àwo, ó lu ìtàn Bíbélì mìíràn, ó sì lu ti òrìṣà, láìsí pé ọ̀kan ṣe àjèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ọmọ Òṣogbo kò ní bi í pé kí ló dé. Bàbà ló fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tó yá, alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí tó fi kú ní 1993.

Nígbà tí Asiru ń lu àwo, ìlú náà ń hó. Ní 1962, òṣèré Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, ibi eré, àwòrán àti ìpàdé. Ní 1963 ni eré *Ọba Kò So* jáde láti ibẹ̀. Àṣìṣe ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ka àwọn tó yí i ká sí òṣèré àti ayàwòrán nìkan, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Jimoh Buraimoh, tí wọ́n bí ní 1943, iná ló ń tàn fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀. Òun ló wá mú ìlẹ̀kẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pátákó di àwòrán tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹranko àti ènìyàn sí ara ògiri oníhò. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri àti ẹnu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun títí dòní. Wenger, òun àti irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ló fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì àti irin gbé ojúbọ tó ń wó dìde nínú igbó náà. Ìjọba Nàìjíríà kéde apá kan nínú rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ogún àgbáyé ní 2005.

Ẹni tó kàn wá gan-an nínú wọn ni Jinadu Ọládẹ̀pọ̀, onídẹ. Idẹ ni ibi tí ọ̀rọ̀ àlòkù ti hàn jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wà níhìn-ín. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló kọ́kọ́ gbà wọlé, lẹ́yìn náà ó ti orí òkun wá: ọpọ́n idẹ, ẹ̀gbà idẹ tí àwọn Potogí fi ń ṣòwò, lẹ́yìn ìyẹn ẹnu ẹ̀rọ omi, rédíétọ̀ àti ohun èlò inú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà ó ti pẹ́ tí onídẹ Yorùbá ti ń yọ́ ohun tí ẹlòmíràn ti lò. Ẹdan Ògbóni tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ́ ọpọ́n ìfọwọ́ oníṣòwò kan rí.

Iṣẹ́ náà ní ìlànà. Ìda oyin ni wọn yóò kọ́kọ́ fi mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, títí kan ojú, irun àti ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n á fi amọ̀ kíkúnná bò ó, wọ́n á fi amọ̀ líle bo ìyẹn, wọ́n á fi ihò sílẹ̀. Nígbà tí iná bá kàn án, ìda á yọ́ jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo. Ibẹ̀ ni wọn yóò da idẹ yíyọ́ sí. Tó bá ti tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwòrán ìda kọ̀ọ̀kan wúlò. Bí idẹ kò bá kún ojú ibì kan, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn, ó di inú iná padà. Ọ̀nà yìí ni Ọládẹ̀pọ̀ gbà ṣe ère idẹ kéékèèké, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ohun ìsorọ̀ sọ́rùn. Àwọn ayàwòrán Òṣogbo wá ń wọ ẹ̀gbà àti ìsorọ̀ náà kiri gẹ́gẹ́ bí àmì ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ ẹnìkan ní Èkó tàbí ní òkè òkun ti mọ ibi tó ti wá. Nínú gbogbo ohun tí Òṣogbo ṣe ní àsìkò yẹn, kò sí èyí tó kéré tó o tó sì rìn jìnnà tó o.

Ulli Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní ìparí 1966, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òpin dé. Iṣẹ́ kò dúró. Nígbà tí owó epo wá kún ìlú, tí àjọ̀dún àṣà FESTAC kó gbogbo ayé aláwọ̀ dúdú wá sí Èkó ní oṣù kìíní àti oṣù kejì 1977, ohun ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Yorùbá di ohun tí ilé-iṣẹ́ àti òtẹ́ẹ̀lì ń wá, tí wọ́n fi ń ta àlejò lọ́rẹ, tí wọ́n fi ń dágbére fún ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì. Èyí mú oúnjẹ wọ ọ̀pọ̀ ilé. Ó sì mú ayédèrú wá. Igi ńlá Asiru di ohun tí ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ń lù kánmọ́kánmọ́, láìsí tótò, láìsí ẹyẹ tó ní ojú. Ohun tó ń dun ènìyàn níbẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n fara wé e, nítorí ọmọ iṣẹ́ ní láti fara wé ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó ń dunni ni pé wọn kò dúró kọ́ iṣẹ́ náà tán.

Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ti sọ náírà di ẹdìẹ òpìpì, ọkọ̀ tuntun kúrò lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Tòkunbọ̀ dé. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kú tán ní Bẹ́ljíọ́mù tàbí Jámánì wá ń parí ayé rẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Òṣogbo, àgbàlá mẹkáníìkì sì kún fún irin tí irú rẹ̀ kò sí rí: jíà, ẹ̀wọ̀n ẹ́ńjìnnì, ṣọ́ọ̀kì. Wẹ́dà rọ́pò alágbẹ̀dẹ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ọwọ́ kan náà ni, iná ló yàtọ̀.

Ọ̀kan lára ibi tí irú irin yìí ti di ère ńlá tí ayé ń pariwo rẹ̀ ni Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin. Calixte Dakpogan, ọmọ ìdílé alágbẹ̀dẹ tó ń sin Ògún níbẹ̀, ló ń so irin ara mọ́tò pọ̀ di ènìyàn àti òrìṣà. Òun àti mọ̀lẹ́bí rẹ̀ Théodore wà lára àwọn tó ṣe ère fún àjọ̀dún Ouidah 92, tí wọ́n ṣe ní 1993. Ní ìlú kan náà, Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní 1962 sínú ìdílé tó jẹ́ Yorùbá, mú kẹ́ẹ̀gì epo tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kó bẹntiróòlù láti Nàìjíríà, ó gé e, ó sì sọ ọ́ di agọ̀ ojú. Ó fi kẹ́ẹ̀gì 304 ṣe iṣẹ́ ńlá kan lórí òwò ẹrú, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù sì rà á ní 2007. El Anatsui, ọmọ Ghana tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ní Nsukka ní 1975, ń fi wáyà bàbà rán ìdérí ìgò ọtí di aṣọ ńlá tó ń bo ògiri. Ní 2023 ni iṣẹ́ rẹ̀ kún gbọ̀ngàn Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nílé níhìn-ín, Olu Amoda, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yaba Tech nígbà náà, fi irin àlòkù gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Dak'Art ní Dakar ní 2014. Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò ju nǹkan bí ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ lọ láti Òṣogbo, Dọ̀tun Pópóọlá, tó kàwé gboyè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ń fi síbí, ẹ̀wọ̀n ọ̀kadà, jíà àti páànù mọ́tò so ẹṣin, kìnnìún àti ẹyẹ tó ga ju ènìyàn lọ. Ó lọ sọ́dọ̀ John Lopez ní South Dakota, ní Amẹ́ríkà, láti fi kún ìmọ̀ rẹ̀. Ó dára pé ó lọ. Àmọ́ kò sí ìdí tí ọmọ Òṣogbo tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà yóò fi rò pé òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, nígbà tí àgbẹ̀dẹ wà lẹ́yìn ilé.

Ọ̀rọ̀ owó ló wà nílẹ̀ báyìí. Ìwọ̀n ni kóńdẹ́mù ń gbà lọ. Ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin ń ra tọ́ọ̀nù, ẹni tó fẹ́ ṣe àtùpà tàbí àwo ara ògiri ń wá kìlò mélòó kan. Oníkóńdẹ́mù kò ní dúró de ẹni tó fẹ́ ṣa irin tó wù ú láàárín òkìtì. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí ní Iléṣà gbọ́dọ̀ bá oníkóńdẹ́mù ṣe àdéhùn kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, kí wọ́n máa ya bàbà, idẹ àti alumíníọ̀mù tó nípọn sọ́tọ̀ fún un, kó sì san ju ohun tí ilé-iṣẹ́ ń san lọ díẹ̀. Yunifásítì tó wà ní àdúgbò náà lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kó sì mú alágbẹ̀dẹ àti onídẹ tó ṣì wà láyé wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ohun kan tún wà tí kò lè dúró pẹ́. Àwo alumíníọ̀mù tí Asiru àti àwọn tó wà ní àsìkò rẹ̀ lù ṣì wà lára ògiri pálọ̀ àwọn tó rà á ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á sì ti kú. Bí wọ́n bá ń palẹ̀ ilé mọ́, tí kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó lù ú, alumíníọ̀mù lásán ni. Oníkóńdẹ́mù yóò gbé e kọ́ ìwọ̀n pẹ̀lú ìkòkò tó lu, yóò sì san owó kìlò. Kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó lù ú àti ọdún tí wọ́n rà á sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì gbé ẹ̀dà fọ́tò náà lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣogbo.